Ta Ló Ní Kò Lọ́jà?

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi, bí mi ò bá sọ ọ́, ikùn mi á wú.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní họ́sítẹ̀lì, ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sọ pé mọ́tò kékeré oníbátìrì lòun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá òun. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ẹnìkejì fi já lù ú: "Gbàgbé ìyẹn jàre! General Motors ṣe é ní Amẹ́ríkà, kò lọ́jà, wọ́n sì pa á tì. Nǹkan tó bá dáa kì í kú." Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọlọ́mọ ká ìwé rẹ̀, ó lọ sùn. Mo gbọ́ pé ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Èmi akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni, mi ò mọ wáyà so. Ṣùgbọ́n mo mọ ìtàn kà. Mo lọ ka ìtàn mọ́tò yìí, mo sì padà wá jà. Ìjà ọ̀rọ̀ ni o.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1966, General Motors yọ ẹ́ńjìnnì inú Corvair kan, wọ́n kó bátìrì onífàdákà àti síǹkì sí i, wọ́n pè é ní Electrovair II. Ó rìn, ṣùgbọ́n bátìrì fàdákà wọ́n bí ojú, kì í sì í pẹ́ bà jẹ́. Lọ́dún 1969, wọ́n gbé bíńtín kan jáde tí wọ́n pè ní 512: ìjókòó méjì, gígùn bí ẹsẹ̀ bàtà 7, fún ìrìn inú ìlú. Lọ síbi iṣẹ́, ya ọjà, padà sílé. Wọ́n fi han ayé, wọ́n gbé e pamọ́. Nígbà tí epo wá gbówó lórí lẹ́yìn ọdún 1973, wọ́n sọ Chevette di oníbátìrì, wọ́n pè é ní Electrovette. Lọ́dún 1979, wọ́n kéde pé bátìrì tuntun ti dé, mọ́tò oníbátìrì á sì wà fún títà láìpẹ́. Àwọn èèyàn retí retí, ojú já wọn.

Títí débẹ̀, mo gbà fún alátakò mi: bátìrì ò tíì tó. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1990, wọ́n gbé mọ́tò kan tó ń jẹ́ Impact wá sí Los Angeles. Ẹnu ya gbogbo ayé. Lọ́dún yẹn kan náà, àjọ tó ń mójú tó afẹ́fẹ́ ní Kalifóníà ṣòfin nítorí èéfín tó ń pa wọ́n lára: tó bá di 1998, méjì nínú ọgọ́rùn-ún mọ́tò tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá bá ń tà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ èéfín rárá, tó bá di 2003, kó di mẹ́wàá. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1996, Impact di EV1, ó bọ́ sójú títì. Ìjókòó méjì ló ní. Alálẹ́ ni wọ́n ń kì í bọ iná nílé, tílẹ̀ bá mọ́, ó ti yó. Àwọn tí wọ́n ṣe lọ́dún 1999, tó lo bátìrì níkẹ́ẹ̀lì, ń rìn ju 100 máìlì lọ kí wọ́n tó tún gba iná. Ta ló ń rin 100 máìlì lọ síbi iṣẹ́ lójúmọ́?

Mọ́tò 1,117 ni wọ́n ṣe lápapọ̀. Ẹ wá gbọ́ o: wọn ò ta ẹyọ kan. Háyà ni wọ́n fi í ṣe. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ dá a padà, kò sí àyè láti rà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ìyá aláta bá gbé ata kalẹ̀, tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rà á, tílẹ̀ wá ṣú tí ata ṣì kún igbá, ṣé ẹnu ẹ̀ gbà á láti sọ pé ará ìlú ò fẹ́ ata?

Níbi tí wọ́n ti ń háyà mọ́tò náà ni wọ́n ti ń bá òfin yẹn jà nílé ẹjọ́, àwọn àti DaimlerChrysler. Lọ́dún 2003, àjọ náà tú òfin ọ̀hún ṣe, ó dẹ̀ ẹ́. Lọ́dún yẹn náà ni General Motors kéde pé ó parí, kí wọ́n kó mọ́tò wálé.

Ṣé àwọn tó ń wà á dúpẹ́ pé wọ́n gba ìyà kúrò lára àwọn? Rárá o! Lọ́dún 2002, àwọn 58 nínú wọn ti fi sọ̀wédowó ránṣẹ́, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ káwọn máa lò ó lọ, bó bá bà jẹ́, àwọn á tún un ṣe. Wọ́n dá owó wọn padà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Agẹmọ ọdún 2003, wọ́n ṣe òkú mọ́tò yìí ní itẹ́ òkú Hollywood Forever. Lọ́dún 2005, wọ́n sun ojú títì ní Burbank, wọ́n ń ṣọ́ 78 tó kù. Wọ́n ní àwọn á san 24,000 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tó mílíọ̀nù 1.9. Ilé iṣẹ́ kọ̀. Ọlọ́pàá mú àwọn kan, wọ́n kó mọ́tò lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú EV1 ni wọ́n rún wómúwómú bí agolo. Díẹ̀ tí wọ́n fún àwọn yunifásítì àti ilé àkójọ nǹkan àtijọ́, wọ́n ti kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ inú ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ má ní apá kan ni mò ń wò. General Motors ní àwọn náwó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ, pé àwọn tó fẹ́ ẹ ò pọ̀, pé àwọn tó ń rọ ẹ̀yà ara rẹ̀ ti ṣíwọ́. Mo gbọ́. Mọ́tò oníjókòó méjì ò lè gba ìyá, bàbá àtọmọ. Ṣùgbọ́n "ọjà ò pọ̀" yàtọ̀ sí "kò lọ́jà". Ẹni tó ń sá fún gbèsè kì í kọ owó tí wọ́n gbé wá bá a nílé.

Irọ́ á lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Lọ́dún 2006, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, Rick Wagoner, fẹnu ara rẹ̀ ka pípa EV1 mọ́ ìpinnu tó burú jù tóun ṣe. Lọ́dún 2009, gbèsè gbé General Motors dé kóòtù, ìjọba ló fà á yọ. Nissan gbé Leaf jáde lọ́dún 2010. Lọ́dún 2016, General Motors fúnra rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe oníbátìrì mìíràn, Bolt. Wọ́n tún tà á fáwọn èèyàn o!

Kí ló kan èmi? Bí mo bá ní Yorùbá ni mò ń kọ́, wọ́n á ní, "Èèyà, kò mà lọ́jà." Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, owó ìtanràn la ń san tá a bá sọ Yorùbá. Náírà márùn-ún lórí gbólóhùn kan. Àwọn tó gba owó lọ́wọ́ wa kí a má baà sọ ọ́ ló tún ń sọ fún wa lónìí pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Ìyẹn ni mo ṣe mọ ohùn yẹn nígbà tí mo gbọ́ ọ ní họ́sítẹ̀lì.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé nǹkan kan ò lọ́jà, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ta ló ti ìsọ̀?

Ìwọ tó ká ìwé rẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, o mọ ara rẹ. Tú u. Mi ò mọ wáyà so, ṣùgbọ́n mo lè bá ọ di tọ́ọ̀ṣì mú.