Oríyìn fún Àwọn Tó Ń Tún Ilé Àtijọ́ Ṣe ní Kuje

Ẹ̀yin káfíńtà, rewáyà, bíríkìlà àti pẹ́ńtà tó ń ṣiṣẹ́ ní Kuje lágbègbè Abuja, láti ẹ̀gbẹ́ ọjà títí dé Pegi àti Chukuku, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin onílé tí ẹ ní kí wọ́n tún ilé bàbá yín ṣe dípò kí wọ́n wó o, ẹ kú ìnáwó.

Ẹni tó bá ti gbé abẹ́ páànù tí kò ní àjà lóṣù kẹta ọdún mọ ohun tí à ń wí. Bí aago méjì ọ̀sán bá lù, páànù a gbóná janjan, ooru rẹ̀ a máa rọ̀ sórí onílé títí di òru. Fáànù tó yẹ kó tuni lára, ooru yẹn náà ni yóò máa fẹ́ kiri. Káfíńtà wá gun òkè, ó kan àjà, ó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín àjà àti páànù, ó sì dá ihò sábẹ́ etí òrùlé kí ooru lè ríbi gbà jáde. Pẹ́ńtà tẹ̀ lé e, ó kun páànù ní funfun, kí oòrùn má bàa ríbi wọ̀ sí. Kò sẹ́ni tí yóò ya fọ́tò àjà, ṣùgbọ́n ọmọ tó sun oorun àsùnwọra lálẹ́ ọjọ́ náà mọ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn rewáyà ló wù mí jù. Onílé á pè wọ́n pé sólà lòun fẹ́. Rewáyà tó mọṣẹ́, gílóòbù ni yóò kọ́kọ́ kà. Gílóòbù yẹ́lò mẹ́wàá tó jẹ́ wáàtì 60 ń jẹ wáàtì 600. LED mẹ́wàá tó jẹ́ wáàtì 9 kò jẹ ju 90 lọ, ìmọ́lẹ̀ wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àgbá tó ń jò, dídí là á kọ́kọ́ dí i ká tó pe olómi. Ẹ rántí pé rewáyà tó gba oníbàárà nímọ̀ràn báyìí ti dín iye sólà àti bátìrì tí òun fúnra rẹ̀ ì bá tà kù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká kí i lẹ́ẹ̀mejì.

Owó ló sún ọ̀pọ̀ onílé dé ìdí sólà àti LED. Lóṣù karùn-ún 2023 ni owó ìrànwọ́ orí epo dópin, jẹnẹrétọ̀ sì di ohun tí à ń bẹ̀rù àtitàn. Lóṣù kẹrin 2024, àjọ NERC tó ń ṣàbójútó iná mànàmáná gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Bó bá jẹ́ nítorí owó la ṣe pa jẹnẹrétọ̀, èéfín rẹ̀ ṣáà ti dín kù. Mi ò rí àbùkù kankan níbẹ̀.

Níbi àpérò àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow lọ́dún 2021, Ààrẹ Buhari ṣèlérí pé tó bá fi máa di 2060, Nàìjíríà kò ní máa da kábọ́ọ̀nù sínú afẹ́fẹ́ ju èyí tó lè gbà padà lọ. Ṣáájú ìyẹn, ní 2017, ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà jáde lórí òrùlé, fèrèsé, iná àti èésì, ṣùgbọ́n ilé tuntun ló dojú kọ jù. Ilé tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ gbà á ṣe, láìdúró de òfin.

Nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún kábọ́ọ̀nù tí aráyé ń tú sáfẹ́fẹ́ ló ń wá láti ara sìmẹ́ńtì, nítorí náà èrè ńlá ni ògiri tí a kò wó. Àwọn Gbagyi, tí wọ́n wà lára onílẹ̀ Kuje, ti fi ògiri amọ̀ tó nípọn àti òrùlé koríko borí ooru tipẹ́ kí páànù tó dé. Bíríkìlà tó bá ṣì rí irú ògiri bẹ́ẹ̀, kó rẹ́ ẹ, kó má fi bílọ́ọ̀kù rọ́pò rẹ̀.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ Kuje ránṣẹ́ pè yín. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba èyíkéyìí tí àjà rẹ̀ bá ti já ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì san owó yín lásìkò.