Ta Ni Ó Wọn Ara Tí Ó Fi Di Ààbọ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní màlúù tí kò ní ìrù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Òwe náà dùn létí, àánú sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé àwọn tí wọ́n máa ń pa á jù lọ ni àwọn tí ìrùkẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn tí wọn kò sì fẹ́ fì í. Bí wọ́n bá rí arọ tí ó ń wá iṣẹ́, wọn a tọrọ àánú Ọlọ́run fún un, wọn a fi náírà díẹ̀ lé e lọ́wọ́, wọn a sì ti ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ wọn. Èmi kò lè pe èyí ní àánú. Ìwà ọ̀lẹ ni, aṣọ àánú ni wọ́n kàn dà bò ó.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ènìyàn mi sọ lónìí dá lé iṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ìgbàlódé ṣe nǹkan, níbi tí wọ́n ti ń to kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ti ń ṣe fóònù alágbèéká, tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ àti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Ohùn méjì ni mo máa ń gbọ́ nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá àyè wà níbẹ̀ fún arọ, afọ́jú, adití, tàbí àgbàlagbà tí agbára rẹ̀ ti ń dín kù. Ohùn kìíní ní iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ aláàbọ̀ ara. Ohùn kejì rọ̀ díẹ̀: ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, kí a ṣe sùúrù ná, àwọn onímọ̀ ṣì ń ṣe ìwádìí. Mo fẹ́ fi hàn pé irọ́ ni ohùn kìíní, àti pé àwáwí ni ohùn kejì.

Kí a tó dé ìdí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹnu ara wa wò. "Aláàbọ̀ ara" ni a ń pè wọ́n. Ta ni ó gbé òṣùwọ̀n, tí ó wọn ara ọmọnìyàn, tí ó rí i pé ìdajì ni ó kù? "Abirùn" ni àwọn mìíràn ń wí, bẹ́ẹ̀ ẹni tí a bí ní adití tí ara rẹ̀ le koko kò ní àrùn kankan tí dókítà fẹ́ wò. Àwọn baba wa ní Ọbàtálá ni ó ń mọ ara ènìyàn, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pe àfín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà. Èmi kò sọ pé ayé àtijọ́ rọ̀ wọ́n lọ́rùn tán, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò bù wọ́n sí méjì. Lóde òní, àwọn kan ti ń lo "akanda ẹ̀dá," ìyẹn náà sì sàn. Ìdí tí mo fi ń dá ara mi láàmú lórí ọ̀rọ̀ ni pé ẹni tí ó bá ti pe ọmọnìkejì rẹ̀ ní ààbọ̀ ti parí ìdájọ́ kí ó tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Yóò fún un ní ààbọ̀ iṣẹ́, yóò sì san ààbọ̀ owó.

Ní ti ìwádìí, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ní ọdún 1922 ni Henry Ford, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe ọkọ̀, tẹ ìwé kan jáde nípa ìgbésí ayé àti iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé wọ́n ka oríṣiríṣi iṣẹ́ tí ó wà ní iléeṣẹ́ òun lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí 7,882. Nínú wọn, 949 péré ni ó gba alágbára tí ara rẹ̀ pé. 3,338 gba ẹni tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n, 3,595 tí ó kù kò sì gba agbára rárá. Wọ́n tún iṣẹ́ náà kà lọ́nà mìíràn. Wọ́n rí i pé ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ méjèèjì lè ṣe 670, ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ kan lè ṣe 2,637, ẹni tí ó ní apá kan lè ṣe 715, afọ́jú lè ṣe 10, kódà 2 wà fún ẹni tí kò ní apá kankan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,034, èyí tí ó ju ìdajì gbogbo iṣẹ́ náà lọ. Kì í ṣe orí ìwé nìkan ni ó mọ, nítorí Ford ní nígbà tí àwọn kà wọ́n kẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ òun tí ara wọn kò pé jẹ́ 9,563.

Ẹ rò ó wò. Ní ohun tí ó ju 100 ọdún lọ sẹ́yìn, nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà, tí kò sí rọ́bọ́ọ̀tì, ohun tí ó ju ìdajì iṣẹ́ lọ nínú iléeṣẹ́ ọkọ̀ kò béèrè ara tí ó pé. Lónìí tí ẹ̀rọ ń gbé ẹrù wíwúwo, tí ìka kan lórí bọ́tìnnì ń ṣe ohun tí ọkùnrin mẹ́wàá ń làágùn sí tẹ́lẹ̀, kí ni ẹ tún ń dúró dè?

Ṣùgbọ́n àléébù kan wà nínú ìṣirò Ford. Ó mú iṣẹ́ bí ó ti bá a, ó wá ń wá ara tí yóò bá a mu. Kò béèrè bóyá a lè yí iṣẹ́ náà padà. Nítorí náà ni afọ́jú ṣe rí iṣẹ́ 10 nínú 7,882, tí wọ́n sì ní ó tán. Òwe tiwa jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí kò dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Pẹpẹ ni ó ga, ẹnu akèrègbè ni ó há. Pẹpẹ kò sì ti ọ̀run wá: ẹnìkan ni ó gbé e síbẹ̀, ẹnìkan sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Àwọn tí wọ́n rẹ pẹpẹ sílẹ̀ wà. Yutaka Nakamura, oníṣègùn eegun ní ilẹ̀ Jàpáànù, lọ sí ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1960, ó sì rí bí Ludwig Guttmann ṣe ń fi eré ìdárayá gbé àwọn tí eegun ẹ̀yìn wọn fara pa dìde. Ó wà lára àwọn tí wọ́n ṣètò ìdíje àwọn akanda eléré ní Tokyo ní ọdún 1964. Ohun tí ó kíyè sí níbẹ̀ dùn ún: ọ̀pọ̀ àwọn àlejò tí wọ́n wá láti òkè òkun ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Jàpáànù ti wá. Ní ọdún 1965, ó dá Ilé Oòrùn sílẹ̀ ní ìlú Beppu, ọ̀rọ̀ tí ó sì fi ṣe àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ ni pé àyè ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń fẹ́, wọn kò fẹ́ sàráà. Ní ọdún 1972, iléeṣẹ́ Omron, tí ó ń ṣe ẹ̀rọ iná mànàmáná, bá a dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Sony tẹ̀ lé e ní ọdún 1978, Honda ní ọdún 1981. Àwọn tí wọ́n ń lo kẹ̀kẹ́ arọ jókòó sí ìdí iṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń to ohun èlò iná, wọ́n ń ṣe maikirofóònù tí àwọn olórin ń lò káàkiri àgbáyé. Tábìlì ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, irinṣẹ́ ni wọ́n yí padà sí ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó lọ wá ẹsẹ̀ wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní owó ni ìṣòro, kí ó gbọ́ ti Dingolfing, ní ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 2007, iléeṣẹ́ BMW tí ó wà níbẹ̀ rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ń dàgbà. Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ sí apá kan, tí ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn fi jẹ́ ọdún 47, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rò pé gbogbo iléeṣẹ́ náà yóò rí ní ọdún 2017. Wọ́n wá bi àwọn òṣìṣẹ́ náà léèrè ohun tí ó ń dùn wọ́n. Ìdáhùn wọn kò ṣòro: ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ń dùn wá lórúnkún, ẹ fi pákó tẹ́ ẹ, ẹ fún wa ní àga, lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà ti kéré jù, ẹ fún wa ní gíláàsì tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Àtúnṣe kéékèèké 70 ni wọ́n ṣe. Owó ohun èlò tí wọ́n rà jẹ́ nǹkan bí 20,000 owó Yúróò. Láàárín ọdún kan, iṣẹ́ tí ó ń jáde ní apá náà fi 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Ìwádìí gidi nìyẹn: a bi ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ léèrè, a ṣe ohun tí ó wí, a sì wo èrè rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń kí òyìnbó tàbí ará Jàpáànù pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe tán. Ní Jámánì kan náà, nǹkan bí 300,000 akanda ẹ̀dá ni ó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ àdádó tí wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn, níbi tí òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, kò ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1938 fún àwọn agbanisíṣẹ́ kan láyè láti san owó tí kò tó ti ẹlòmíràn fún wọn. Ní Jàpáànù, òfin ka iye akanda ẹ̀dá tí iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà, wọ́n sì gbé e sókè sí 2.5 nínú 100 ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018 ni àṣírí tú pé àwọn iléeṣẹ́ ìjọba fúnra wọn ti fi àwọn tí wọn kò yẹ kún iye náà, tí iye náà sì ju 3,000 lọ. Ní Kòríà Gúúsù, Samsung tọrọ àforíjì ní ọdún 2018, ó sì gbà láti san owó gbà-má-bínú fún àwọn òṣìṣẹ́ tí àìsàn ńlá kọlù lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ níbi tí ó ti ń ṣe ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Ìwádìí tí ó bá ń ka àwọn tí a gbà wọlé, tí kò ka owó tí wọ́n ń gbà, tí kò sì ka àwọn tí iṣẹ́ náà sọ di aláìsàn, afasẹ́ gbèjò ni, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá darí sílé. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá láti ọdún 2011. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ti gbogbo Nàìjíríà. Òfin náà ní kí àwọn akanda ẹ̀dá tó 5 nínú 100 ní iléeṣẹ́ ìjọba, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ó fún ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ yóò gbà wọlé. Ọdún 5 náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹ̀yin náà ẹ yí ojú yín ká ní àdúgbò yín, kí ẹ ka iye àtẹ̀gùn tí ó ṣì dúró gangan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọba. Èmi ti ka ti àdúgbò tèmi, ojú sì tì mí.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ ẹ̀rọ kò ṣeé jókòó ṣe kò rìn dé Beppu, kò sì rìn dé ilé baba tirẹ̀ pàápàá. Nílẹ̀ Yorùbá, orí ìjókòó ni a ti ń hun òfì, tí a ti ń fín igbá, tí a ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ojú tí ó mú, ìka tí ó fẹ́lẹ́, àti sùúrù ni iṣẹ́ náà ń béèrè. Títo ẹ̀yà kéékèèké sínú kọ̀ǹpútà sún mọ́ igbá fífín ju igi gbígbé lọ. Kí ló dé tí a fi rò pé ẹni tí ó bá ń ṣe é gbọ́dọ̀ lè sáré?

Nítorí náà, bí ìjọba, yunifásítì tàbí oníléeṣẹ́ bá tún ní àwọn fẹ́ ṣe ìwádìí, a kò ní kọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má tún wá ka ẹsẹ̀ àti apá wa mọ́. Kí wọ́n ka pẹpẹ. Kí wọ́n sọ iye iṣẹ́ tí ó wà nínú iléeṣẹ́ náà, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ ara, èwo nínú rẹ̀ ni tábìlì, àga, iná tàbí ẹ̀rọ lè gbà ṣe, àti iye tí àtúnṣe náà yóò jẹ. Kí wọ́n mú arọ, adití, afọ́jú àti àgbàlagbà jókòó láàárín àwọn olùwádìí, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ wọn fún wọn, nítorí ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Kí ẹnu ọ̀nà kan náà jẹ́ ti gbogbo òṣìṣẹ́, kí owó oṣù kan náà sì jẹ́ ti iṣẹ́ kan náà.

Sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iléeṣẹ́ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Ìsinsìnyí tí sìmẹ́ńtì kò tíì gbẹ ni kí ẹ ṣe é. Àtẹ̀gùn tí ẹ kò kọ́ kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ láti wó. Bí ẹ bá sì parí ilé náà tán láìrántí wọn, ẹ má ṣe wá sọ fún wa pé Ọlọ́run ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹ̀yin ni ẹ tì í.

Ire o.