Pàṣán tí a fi na Ìyálé

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn oníṣòwò l'Ọ́jà Ọba, pé àwọn àjòjì ni ń ba ọjà jẹ́. Ẹ̀rù bà mí, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Hitler fi rí ènìyàn kó jọ.

Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, ìyà jẹ Jámánì. Ní 1923 owó wọn di bébà lásán. Ní 1932, bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ni kò rí iṣẹ́ ṣe. Hitler ní àwọn Júù ló fà á. Ó di olórí ìjọba ní January 1933. Ní April, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù àwọn Júù, kí ẹnikẹ́ni má bàa rajà níbẹ̀. Ní May, wọ́n tú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ká. Ní July, wọ́n fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú yòókù. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Kí ogun tó parí ní 1945, wọ́n ti pa bíi mílíọ̀nù mẹ́fà Júù.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀nà jìn. Ní November 1969, Ghana fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n jáde. Àwọn Yorùbá oníṣòwò pọ̀ nínú wọn. Ní January 1983, àwa náà lé àwọn ará Ghana. Ìwọ̀nyí kò tó ti Hitler rárá, ṣùgbọ́n ẹjọ́ àjòjì náà ni a kọ́kọ́ rò.

Bí ọjà bá kùtà, ẹ bi ìjọba léèrè ọ̀nà àti owó. Ẹ má ṣe bi aládùúgbò yín léèrè ẹ̀yà rẹ̀. Ọlọ́hun kò fẹ́ àbòsí.