Etí Ni Kí A Fi Ra Kọ̀ǹpútà Olórin

Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ojú olójú ni mo fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká mi àkọ́kọ́, owó àjọ tí ìyá mi kó ni mo sì ná lé e lórí. Bí ohùn mi bá le díẹ̀ nínú àròkọ yìí, ẹ má bínú sí mi.

Gìtá ni mo ń ta. Ohun tí mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe fún mi kò ju méjì lọ: kí n máa fi kọ́ ọwọ́ mi lóru láì dí àwọn ará yàrá mi lọ́wọ́ oorun, kí n sì máa fi gba orin tí mo bá ṣẹ̀dá sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó fẹ́ràn eré orí kọ̀ǹpútà ni ó mú mi lọ sọ́jà. Ẹ̀rọ tí ó yàn fún mi tóbi, ó dúdú, iná pupa sì ń tàn lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ bí ẹyin iná. Ó lágbára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo san owó rẹ̀ tán, owó ọkọ̀ nìkan ni ó ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́.

Mo wá ra wáyà olówó pọ́ọ́kú kan, mo fi ki gìtá bọ inú ihò kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Mo ta okùn, n kò gbọ́ nǹkan. Kí n tó ṣẹ́jú, ó dún. Mo rò pé ọwọ́ mi ni kò yá. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ta ṣáájú ìlù kí ohùn lè bọ́ sí ibi tí ó yẹ. Nígbà tí èmi àti ẹgbẹ́ jùjú wa wá pàdé láti múra ọdún ẹgbẹ́, onílù wa dáwọ́ dúró, ó wò mí, ó ní, "Àbúrò, ta ní ń lé ọ?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ti kọ́ ọwọ́ mi ní irọ́.

Ohun tí ó fà á nìyí. Kọ̀ǹpútà kì í gbé ohùn lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Inú agbọ̀n ni ó ń kó o sí, bí ẹni tí ń ṣa obì, ìgbà tí agbọ̀n bá kún ni yóò tó gbé e. Bí ó bá ń ka ohùn ní ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí agbọ̀n sì gba 1,024, ìdá 21 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá yóò kọjá kí ó tó kún, yóò sì tún pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń jáde. Bí agbọ̀n bá jẹ́ 128, kò tó ìdá 3. Ẹni tí ó jókòó ní mítà 3 sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń gbọ́ ohùn lẹ́yìn nǹkan bí ìdá 9, kò sì ráhùn. Bí ó bá di 40, gìtá ti kúrò nínú ìlù. Ẹni tí ó bá sì ti gbọ́ Juju Music, àwo tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982, mọ̀ pé gìtá kì í dá sọ̀rọ̀ nínú jùjú. Ọ̀kan ń dá, òmíràn ń gbè, bí ìyáàlù àti omele.

Èrò tèmi ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ pín owó rẹ̀ sí méjì. Kí ó fi apá kan ra tòkunbọ̀ tí kò lẹ́wà, kí ó fi èkejì ra àpótí kékeré tí àwọn olórin ń pè ní interface, èyí tí ó ní ihò tí a ṣe fún gìtá, tí ó sì ní ASIO tirẹ̀ tí ń la ọ̀nà fún ohùn lórí Windows. Lára àwọn tòkunbọ̀, mo fara mọ́ ThinkPad T480 ti ọdún 2018: a lè fi kún RAM rẹ̀, bátìrì kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a lè yọ pààrọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra èyí tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Intel tí ó ṣáájú ìran kẹjọ. Ẹni tí ó bá lówó, kí ó ra MacBook Air M1 ti ọdún 2020. Kò ní fáànù, kò ní pariwo sínú orin, ṣùgbọ́n RAM tí ó bá bá a wá náà ni yóò bá a dàgbà.

Bátìrì ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Kì í ṣe nítorí pé iná ń lọ nìkan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ihò iná kò ní wáyà tí ó wọ ilẹ̀. Bí ṣájà bá wà lára ẹ̀rọ, gìtá a máa kùn bí oyin. Ẹ yọ ṣájà, ẹ ó rí i pé ó dákẹ́. Ti Bluetooth létí ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún ìwàásù àti bọ́ọ̀lù.

Àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ wa yóò wí pé I.K. Dairo, tí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, kò ní kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ní ẹgbẹ́ tí ń bá a ṣeré. Èmi ní yàrá tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn sí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rà, kí ó gbé gìtá rẹ̀ lọ sọ́jà. Kí ó yá interface ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó fi REAPER sínú ẹ̀rọ náà, ọ̀fẹ́ ni fún 60 ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó sọ agbọ̀n di 128, kí ó sì ta okùn. Bí ohùn bá ń ta pàrà-pàrà bí àgbàdo nínú iná, kí ó dá a padà fún ọlọ́jà, kí ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo ti ta èyí tí mo kọ́kọ́ rà. Mo pàdánù owó lórí rẹ̀, mo sì fi ìyókù ra T480 kan tí igun rẹ̀ ti fọ́, àti interface. Onílù wa kò tíì yìn mí, ṣùgbọ́n kò bi mí mọ́ pé ta ní ń lé mi. Nígbà tí mo gbé e délé, ìyá mi yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Èyí tí iná pupa ń tàn nínú rẹ̀ dà?"