Pé ó ti ń rìn ò ní kó máa pọn omi

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ yọ ilé ọmọ fún màmá tàbí àǹtí wa, gbogbo wa la máa ń sáré lọ sí ọsibítù. Tó bá ti délé, tó lo ọ̀sẹ̀ méjì, tá a rí i pé ó ti ń rìn, ó tán nìyẹn. Kíṣìnì ti di tiẹ̀ padà.

2/ Awọ ìta ló tètè ń jiná o. Egbò ṣì wà nínú. Tó bá jẹ́ ikùn ni wọ́n là, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kára tó bọ̀ sípò.

3/ Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25, kílò 25 ni. Ẹni tí dókítà ní kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù wúwo, òun lẹ ń wò níran tó ń fa omi? Iyán gígún ńkọ́? Ọmọ ọdún 3 tó ní kí wọ́n pọn òun ńkọ́?

4/ "Ṣebí dókítà ló ní kó máa rìn." Bẹ́ẹ̀ ni, ìrìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìrìn yàtọ̀ sí iṣẹ́ ilé.

5/ Ẹ̀yin ọkọ, ìbálòpọ̀ náà á dúró títí dókítà á fi ní ó ti jiná. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ ṣe sùúrù.

6/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé "kì í ṣe obìnrin mọ́", ẹ sinmi jàre. Nǹkan oṣù ló dáwọ́ dúró. Tí wọ́n bá yọ ilé ẹyin méjèèjì mọ́ ọn, ooru lè máa mú un lójijì, oorun lè máa dá lójú ẹ̀. Dókítà ni kó lọ bá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé.

7/ Ibà, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya, ojú abẹ tó ń ṣọyún, ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń dùn ún, èémí tó ń há: ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi àgbo dán an wò.

8/ Èrò tèmi ni pé kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ló yẹ ká ti pín iṣẹ́ ilé. Ta ló máa pọn omi? Ta ló máa dáná? Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀, torúkọ ọkùnrin náà. Nígbà tó kan àǹtí mi, èmi ni mò ń pọn omi, àbúrò mi ọkùnrin ló ń sebẹ̀. Ọbẹ̀ yẹn ò dùn rárá, àmọ́ àǹtí mi rí ìsinmi.