Kọ̀ǹpútà Níbi Ìkúnlẹ̀ Abiyamọ

Bí obìnrin bá ń rọbí tí dókítà sì ń fura sí ewu, bẹ́líìtì méjì ni wọ́n máa ń dè mọ́ ọn níkùn. Ọ̀kan ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù kì-kì-kì, èkejì ń wo bí ìrọbí ṣe ń mú ìyá. Ẹ̀rọ á máa fa ìlà wọn sórí ìwé gbọọrọ. Bí ọkàn bá ń lù láàárín ìgbà 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan, iye yẹn wà bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí méjì lè wo ìlà kan náà kí ọ̀rọ̀ wọn má bára mu.

Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí ní UK àti Ireland fi ní kí kọ̀ǹpútà máa bá àwọn agbẹ̀bí ka ìlà náà. Ilé ìwòsàn 24 ni wọ́n lò, aboyún sì lé ní 46,000. Èsì jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet lọ́dún 2017: nínú 1,000 ọmọ, bíi 7 ló kàgbákò, ì báà jẹ́ kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Èsì yìí dùn mí, ṣùgbọ́n ó yẹ ká gbà á. Bí ẹ̀rọ bá ké lóru pé ewu wà, tí kò sí ọwọ́ tó lè tètè gbẹ̀bí, kí ni igbe náà fẹ́ ṣe? Agbẹ̀bí ni kí àwọn ilé ìwòsàn kọ́kọ́ fi owó gbà sí i.