Ègbé Ni Fún Adínwọ̀n

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ìjọba kéde pé ọrọ̀-ajé Nàìjíríà ti lé ní bílíọ̀nù 500 dọ́là, ó sì di èkíní ní Áfíríkà. Ní ọdún 2023 tí náírà já wálẹ̀, iye náà ṣubú. Ṣé oko ló parẹ́ ni? Rárá! Dọ́là ni òṣùwọ̀n tí kò dúró. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wọn ohun tí owó ń rà lọ́jà. Síbẹ̀, bí wọn kò bá pín in kan orí kọ̀ọ̀kan, ẹ̀tàn ni. Súúratul-Mutọfífíín ti kìlọ̀ fún adínwọ̀n. Kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí bi àwọn aláṣẹ léèrè: kóńgò gààrí mélòó ni owó oṣù 70,000 náírà tí òfin ọdún 2024 là kalẹ̀ ń rà?